Tèmi àti Káṣì: bí abo ajá méjì ṣe di ará ilé kan ní Kétu

Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ kú nígbà tí òjò ń parí. Oko ló ń gbé, ní apá ọ̀nà Ìlárá, òun àti ajá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sun ìrèmọ̀jé tán, tí àwọn ọdẹ ti tú ká, ajá náà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn síbẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lé orí ìloro. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á wò ó, á tún gbé àgbọ̀n padà síbi tó wà. Àwọn àgbà kan nínú ẹbí ní kí a fi í fún Ògún, torí ajá ni Ògún ń jẹ, ajá ọdẹ sì ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í fún mi. Wọ́n gbà.

Tèmiyémi ni bàbá sọ ọ́. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ajá lórúkọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò fẹ́ sọ sí aládùúgbò lójú, á fi pe ajá rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bàbá àti ẹni tí oko wọn jọ pààlà ní aáwọ̀ ilẹ̀ tó pẹ́, ajá ló sì ń gbé èsì bàbá kiri. Tèmi ni à ń pè é. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Abo ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé mo ti ní abo kan nílé. Káṣìmáawò, Káṣì, ọmọ ọdún mẹ́rin, èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń ṣu sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àgbàlá yìí ni gbogbo ayé tó mọ̀. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé nínú gbogbo ajá tí èèyàn lè kó pọ̀, abo méjì tó ti dàgbà ni ìjà wọn máa ń ṣòro parí jù, àti pé akọ pẹ̀lú abo ló rọrùn. Ká ní mo mọ̀, n bá ṣì mú un wá. Ṣùgbọ́n n bá ti mú un wá lọ́nà mìíràn.

Ọjọ́ 1

Zẹ́mì, alùpùpù akérò, la fi gbé e wá láti oko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, ó fi aṣọ gbá ajá mọ́ra. Mo ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá, mo ní kí wọ́n máa wọlé bọ̀. Káṣì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù. Ẹnu ọ̀nà wa kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì fara kan ara wọn kọjá lọ. Èyí tó ń bọ̀ kò ríbi yà sí, èyí tó dúró kò ríbi sún sí, ojú sì kan ojú. Káṣì ò tiẹ̀ gbó. Ara rẹ̀ kàn le gan-an bí igi, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde láti ọrùn dé ìdí ìrù, ó pa ẹnu dé. Ẹnu tó pa dé yẹn ló yẹ kí n rí, torí ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ a máa la ẹnu díẹ̀, ahọ́n á wà níta. Kí n tó ka ení, èjì, wọ́n ti so mọ́ra.

Mo ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Ẹ má ṣe é láéláé. Ọ̀kan nínú wọn bù mí jẹ lọ́rùn ọwọ́, mi ò mọ èyí tó ṣe é títí di òní, torí ajá tó wà nínú ìjà kì í wo ohun tó ń gé jẹ. Ìyáálé mi ló gbé korobá omi, ó dà á lé wọn lórí gììrì, ni wọ́n bá tú ara wọn sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, Tèmi wà níta, Káṣì wà nínú.

Mo fọ ojú ọgbẹ́ náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ìyáálé mi ní ó ti tó, mo ní kò tíì tó. Dìgbòlugi ni mò ń rò. Tí àmì àìsàn yẹn bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń gbà á là mọ́, àfi kí wọ́n yára fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yára gba abẹ́rẹ́ kí ó tó débẹ̀. Mo lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ọ̀sì ní kí n má pa ajá kankan, kí n má fún wọn tọrẹ, kí n so wọ́n mọ́lẹ̀, kí n máa wò wọ́n fún ọjọ́ 10. Tí kòkòrò dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ ajá lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, àìsàn á ti hàn lára ajá náà kí ọjọ́ 10 tó pé. Káṣì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́dún yìí. Ti Tèmi, Bàbá Ọdẹ nìkan ló mọ̀.

Tèmi wọ yàrá tí a ń kó igi ìdáná sí. Káṣì gba àgbàlá. Mi ò sùn.

Ọjọ́ 2 sí 10

Gbogbo ẹni tó wá kí mi nítorí ọwọ́ ló ní ìmọ̀ràn. Èyí tí mo gbọ́ jù ni pé: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán. Tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá, àlàáfíà á dé." Mo ti gbà á gbọ́ fúnra mi rí. Ní alẹ́, mo fi fóònù kà nípa ibi tí èrò yẹn ti jáde. Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, ló kọ̀wé lórí ìkookò ní 1947, ṣùgbọ́n ìkookò inú ọgbà ẹranko ló wò, tí wọ́n kó jọ sójú kan tí wọn ò lè sá kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. David Mech, onímọ̀ ìkookò ará Amẹ́ríkà, tí òun náà ti fi ìwé tirẹ̀ tan ọ̀rọ̀ ọ̀gá agbo yìí kálẹ̀ ní 1970, lọ wo ìkookò nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kọ ọ́ ní 1999 pé ìdílé ni wọ́n: bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó ń jà du oyè. Ìyẹn ni pé ohun tí à ń pè ní ìjà ọ̀gá, ìjà àwọn tí wọ́n há mọ́ ibi tí kò gbà wọ́n ni. Mo gbójú sókè wo àgbàlá mi.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo gbọ́ jù ni "orogún ni wọ́n". Àwọn obìnrin tó ń kó aṣọ wá fún mi ló ń sọ ọ́, Káṣì ni ìyáálé, Tèmi ni ìyàwó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ilé olórogún ni mo ti dàgbà. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa ní. Mo jókòó, mo bi ara mi pé kí ló dé tí ilé wa fi tòrò tó bẹ́ẹ̀, tí ti àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa kì í tòrò. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn ara wọn níbẹ̀rẹ̀. Kálukú ló ní ààrò tirẹ̀. Kálukú ló ní ìkòkò omi tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, bàbá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá ẹnìkan láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń bá ara wọn gbé ọmọ pọ̀n, tí wọ́n jọ ń re odò. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Mo mú bébà tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo kọ ohun tí ajá méjèèjì lè torí rẹ̀ jà nínú ilé yìí: ẹnu ọ̀nà. Abọ́. Eegun. Ibi ìsùn. Mo dúró díẹ̀ kí n tó kọ ìkarùn-ún: èmi. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di méjì, tàbí kí n mú un kúrò nílẹ̀. Ti èmi nìkan ni kò ṣeé sọ di méjì, ìdí nìyí tó fi gba àkókò mi jù.

Mo ní kí wọ́n kan ilẹ̀kùn wáyà tí yóò là wọ́n láàárín. Bó ṣe rí rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ kan irú rẹ̀. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́yìn ilé wa ló bá mi kàn án. Pákó mẹ́rin fún férémù, ọ̀kan dábùú àárín, wáyà tí wọ́n fi ń ṣọgbà adìyẹ, irin àgbékọ́ mẹ́ta, ìkọ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é ní mítà kan, mo ní kí wọ́n gbé e sókè, ajá ọdẹ ni Tèmi, ọgbà mítà kan kò lè dá a dúró. Ohun tí a gbàgbé ni ìsàlẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì tí Káṣì ti fi èékánná wa ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ tó fi lè ti imú bọ ọ́. A padà wá ri pákó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a to bíríkì tì í. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́, gba 14,500 sefà lọ́wọ́ mi. A gbé e sí àárín àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Fún ọjọ́ mélòó kan, mo ta aṣọ ìbora ògbólógbòó bò ó kí wọ́n má lè rí ara wọn. Ká gbọ́ ara wa ná, ká gbóòórùn ara wa ná.

Torí òórùn ni mo ṣe lo àkísà. Télọ̀ ni mí, àjákù àǹkárá kò wọ́n nílé mi. Láràárọ̀ mo máa ń fi ọ̀kan pa Káṣì lára, lábẹ́ etí àti ní ẹ̀bá ẹnu, mo máa ń fi òmíràn pa Tèmi. Mo wá pààrọ̀ wọn: ti Káṣì bọ́ sábẹ́ abọ́ Tèmi, ti Tèmi bọ́ sábẹ́ abọ́ Káṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ Káṣì fi imú tú àkísà náà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó kùn, ó tọ̀ sí i lórí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹun lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ìlà sí i nísàlẹ̀ nígbà méjì.

Ọjọ́ 10 pé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mu omi, ojú wọn mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí èmi fúnra mi ń gbà ṣì ń lọ.

Ọjọ́ 11

Oníṣègùn ẹran wá sílé. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún Tèmi, oògùn aràn fún àwọn méjèèjì, eégbọn tó yọ ní etí Tèmi kún ìdérí ìgò. Ó tẹ Tèmi ní ẹ̀yìn títí dé ìbàdí, ajá náà yí orí padà kíá nígbà tó kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Oríkèé ń dùn ún. Ó sọ ohun kan tó tún ojú mi ṣe: ajá tí nǹkan ń dùn kì í fẹ́ kí ajá mìíràn fẹ̀gbẹ́ kàn án, èèyàn á pè é ní òǹrorò nígbà tó jẹ́ pé ìrora ló ń gbèjà. Ó fún un ní oògùn ọjọ́ méje. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fún ajá ní oògùn ìrora tèèyàn láé, torí òmíràn nínú wọn máa ń pa ajá.

Ọjọ́ 12 sí 15

Oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà, aṣọ ti ká kúrò. Abọ́ wọn jìnnà sí ara wọn tó ìṣísẹ̀ 12 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ tí mo fọ́ sí omi ẹja, pẹ̀lú fùkù tí mo gé kéékèèké. Tí àwọn méjèèjì bá jẹun tán láìgbójú sókè, lọ́jọ́ kejì mo máa ń sún abọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà ní ìṣísẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹta ojú kán mi, mo sún un ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Káṣì dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó gbé orí sókè, ó tẹjú mọ́ Tèmi, kò ṣẹ́jú. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ajá tó bá kọ fùkù sílẹ̀ nítorí pé ó ń wo nǹkan ti sọ fún ọ pé nǹkan náà ti sún mọ́ jù.

Ọjọ́ 16 sí 23

Ìrìn. Ibi tí kò jẹ́ ti ẹnìkankan nínú wọn la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà oko tó jáde sẹ́yìn ìlú, ní ìdájí kí oòrùn tó le. Èmi mú Káṣì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú Tèmi, okùn mítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò jáde papọ̀. Òun á kọ́kọ́ lọ, èmi á tẹ̀ lé e, a ó pàdé níbi igi kajú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Láti ibẹ̀ a ó máa rìn lọ ní ọwọ́ kan náà, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, àyè tó wà láàárín wa tó kí ọkọ̀ ńlá méjì kọjá. A kì í jẹ́ kí wọ́n kojú síra wọn. Nínú àwọn ajá, kí ojú kojú gbọnrangandan kì í ṣe ìkíni, àfojúdi ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí i pé okùn ni olórí ìṣòro. "Tàǹtí," ló wí, "tí ẹ bá ti fa okùn, ara tiyín náà ń le." Òótọ́ ni. Tí mo bá ti rí Tèmi, ọwọ́ mi á di okùn mú, Káṣì á gbà á sí àmì pé ewu ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin jẹ́ẹ́ lábẹ́ ètè kí ọwọ́ mi lè dẹ̀. Orin tí ìyá mi fi ń rẹ ọmọ ni.

Ní ọjọ́ 19 ni mo rí ohun tí mo ti ń kà nípa rẹ̀. Tèmi tọ̀ sí ìdí koríko kan. A rìn kọjá, Káṣì débẹ̀, ó gbóòórùn ìtọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ó tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Tèmi náà dúró níbẹ̀. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn láìsí ẹni tó sún mọ́ ẹnì kejì. Turid Rugaas, obìnrin ará Norway tó ti pẹ́ nídìí ajá, ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti máa wo àwọn àmì kéékèèké tí ajá fi ń bẹ ara wọn: kí ó yán láìjẹ́ oorun, kí ó lá imú, kí ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa gbóòórùn ilẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan nílẹ̀. Mo ti rí Káṣì tó ń yán tipẹ́tipẹ́, oorun ni mo máa ń pè é.

Ọjọ́ 23, ìdí igi kajú. A jẹ́ kí okùn dẹ̀. Tèmi rìn yípo wá, kò wá tààrà, ó fi imú kan ìdí Káṣì. Mo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo pe Káṣì, ó yà kúrò, mo fún un ní fùkù. Káṣì náà lọ, ení, èjì, ẹ̀ta, a pè é. Nígbà tí wọ́n túra ká, àwọn méjèèjì gbọn ara wọn bí ẹni tó ti inú odò jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ojú mi kún fún omi, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́ 24 sí 30

Wọ́n jọ wà ní àgbàlá, okùn ṣì wà lọ́rùn àmọ́ ó ń wọ́ nílẹ̀. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Mo ti gbá gbogbo eegun kúrò, pẹ̀lú àwọn tí Káṣì rì mọ́lẹ̀. Pákó fífẹ̀ kan àti korobá omi wà lẹ́bàá mi nígbà gbogbo. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, mo sì mọ rírì ọjọ́ tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 31

Ìjà kejì.

Ìyá àgbà kan papòdà ládùúgbò, wọ́n ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún un. Ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóru, ìlù ń dún títí di ìdájí. Àlejò kún ilé wa. Ó yẹ kí n ti Tèmi mọ́ ẹ̀yìn wáyà kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ní mo fẹ́ parí aṣọ kan ná. Tèmi kò gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ ní oko rí. Ó ti ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì mi, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Ọmọ àlejò kan ju eegun ewúrẹ́ sáàárín àgbàlá, pẹ̀lú ọkàn rere ló ṣe é. Eegun náà bọ́ sílẹ̀ ní àárín àwọn méjèèjì géérégé.

Tèmi kùn. Káṣì dúró. Àlejò kan lu Tèmi nídìí pé kí ó yé kùn. Ó yé kùn lóòótọ́, ó sì fò mọ́ Káṣì láìsọ nǹkan.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo da omi lù wọ́n, kò ràn wọ́n. Mo ti pákó sáàárín ojú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju okùn Tèmi yí òpó ká, ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Káṣì ya létí, kò ju bí ìbú èékánná lọ. Kò sí èèyàn tó fara pa.

Mo sọ̀rọ̀ fún àlejò yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níbí fún gbogbo ẹni tó ní ajá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn ni ẹnu tó fi ń sọ pé "jọ̀ọ́, má sún mọ́ mi". Ajá tí wọ́n bá lù títí tó fi gbàgbé kíkùn kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rù rẹ̀, eyín nìkan ló kù tó lè fi sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n fi Tèmi sílẹ̀ kó kùn, Káṣì ti ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà yẹn. Mo rí i. Ó ń yí ojú.

Ọjọ́ 32 sí 45

A padà sí ìṣísẹ̀ 12, sí àkísà, sí ọ̀nà oko. Ó dùn mí gan-an fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà wá ní ọjọ́ 20 lákọ̀ọ́kọ́ kò gbà wá ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ṣe àyípadà kan tó jọ mọ́ ìkarùn-ún nínú bébà mi. Tí mo bá ń ránṣọ, àwọn méjèèjì máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi, abẹ́ tábìlì kò sì gba méjì. Mo tẹ́ àpò méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹ̀rọ, ọ̀kan lápá òsì, mo fi àpótí aṣọ dí àárín. Abẹ́ tábìlì, mo dí i pa, kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́. Tí mo bá fọwọ́ pa Káṣì lórí, lójú ẹsẹ̀ ni Tèmi ń rí fùkù gbà lápá tirẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, tí Káṣì bá ti wá sọ́dọ̀ mi, Tèmi á ju ìrù, á máa wo ọwọ́ mi kejì. Bíbọ̀ Káṣì ti di ìròyìn ayọ̀ fún un. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù.

Ọjọ́ 46

Ọyẹ́ ti dé, eruku funfun bo ewé, àárọ̀ tutù. Mo ń tẹ aṣọ ní ìta. Káṣì wà lórí àpò rẹ̀. Tèmi dìde, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó rìn yípo àpótí, ó dúró síbi tí ó fi ẹ̀gbẹ́ sí Káṣì. Ó fọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ títí dé ìgúnpá, ìdí rẹ̀ wà lókè, ìrù ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Ajá ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mi ò rí kó ṣeré rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Káṣì wò ó. Mo fa pọ́lọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù yọ, mi ò mí. Káṣì sín, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ bákan náà, wọ́n sì sáré lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré ni tàbí ìjà, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gbà fún ara wọn. Káṣì lé Tèmi yí kànga ká, wọ́n dúró, Tèmi wá lé Káṣì. Èyí tó lágbára jù fi ara rẹ̀ lélẹ̀ kí èkejì lè gùn ún. Ẹnu wọn là sílẹ̀ gbàgà, ara wọn rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ mo pe Káṣì, mo dì í mú díẹ̀ láti mọ̀ bóyá Tèmi máa lo àyè yẹn láti sá lọ. Kò sá. Ó padà wá síwájú rẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Mo tú u sílẹ̀.

Ọjọ́ 55 sí 69

Káṣì ń wá akọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà, ara àwọn abo sì máa ń gbóná sí ara wọn lásìkò yẹn. Wáyà padà sẹ́nu iṣẹ́, tọ̀sán tòru, ìrìn nìkan ni wọ́n jọ ń rìn. Oníṣègùn ẹran àti èmi ti sọ̀rọ̀ lórí yíyọ ilé ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tán.

Ọjọ́ 70

Mo jí lóru lọ mu omi. Tèmi kò sí lórí àpò rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ó sùn sídìí ilẹ̀kùn wáyà, àgbọ̀n rẹ̀ lé orí pákó tí a rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e lé ìloro Bàbá Ọdẹ. Káṣì wà ní òdì kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wáyà. Irun rẹ̀ ti yọ sí ọ̀dọ̀ Tèmi nínú ojú ihò wáyà. Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Abọ́ méjì ṣì ni, ìṣísẹ̀ mẹ́fà síra wọn, mi ò sì ní sún wọn mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eegun kò wọ àgbàlá. Ìkọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti ń dógùn-ún, mo máa ní kí bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.